Kí Ló Wà Nínú Aago Bàbá?

Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti kékeré kì í pè é ní orúkọ mìíràn ju Kílófàá lọ. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, á bèèrè pé kí ló fà á. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, á tún bèèrè. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń nà án nítorí pé ó tú rédíò ará ilé wọn palẹ̀, ẹkún ló ń sun tó ṣì ń bèèrè pé, "Kí ló fà á tí mi ò fi rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀?" Ẹ̀rín pa ẹni tó ń nà án, pàṣán sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ọmọ wo nìyẹn!

Ó ti dàgbà báyìí. Ó ti di ìyá, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ilé kálukú wọn, òun náà sì ti di aránṣọ tí gbogbo àdúgbò mọ̀, àmọ́ orúkọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀, torí pé ìwà náà kò kúrò. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: máṣíìnì tó dojú kọ fèrèsé, tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí, agolo bisikíìtì tó kún fún bọ́tìnnì, àti dígí gíga kan tí igun rẹ̀ ti sán. Oníbàárà tó bá mú aṣọ wá á kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ná. Ta ló ń gbéyàwó? Kí ló dé tó o fi rù báyìí? Ṣé ọkọ rẹ ò lẹ́sẹ̀ ni, tó fi jẹ́ ìwọ lò ń gbé ṣòkòtò ẹ̀ kiri? Bí inú bá bí oníbàárà, Kílófàá á ní, "Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, jàre. Gbé apá ẹ sókè kí n wọ̀n ọ́."

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Aránṣọ ni bàbá náà nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Kílófàá sì ti kọ́ṣẹ́. Ojú ti lọ pátápátá báyìí, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀: bó bá ti fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò, á sọ bóyá òwú ni tàbí ayédèrú. Aago kan kì í kúrò lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀. Aago àtijọ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń ká láràárọ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló rà á fún un nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìyàwó náà ló sì máa ń gbé e lọ fọ̀ lọ́dọ̀ atúnaagoṣe. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, kò sẹ́ni tó rántí pé aago ń fẹ́ fífọ̀.

Bàbá kò lè rí ojú aago náà mọ́, àmọ́ kì í bọ́ ọ. Etí ló fi ń lò ó. Bó bá jí, á gbé ọwọ́ sétí, á gbọ́ bó ṣe ń sáré kẹ́kẹ́kẹ́ nínú lọ́hùn-ún, á ní, "Ó dáa, a ṣì wà níbẹ̀." Ìgbà yẹn ni yóò tó dìde, tí yóò táràrà wá sí ṣọ́ọ̀bù, tí yóò jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, tí òun àti ọmọ rẹ̀ á sì máa jiyàn lórí ohun tó kàn wọ́n àti ohun tí kò kàn wọ́n. Nígbà tí Kílófàá wà lọ́mọdé, orí itan bàbá yìí ló máa ń jókòó sí, tí á gbé etí lé aago náà, tí á bèèrè pé, "Bàbá, kí ló wà nínú ẹ̀?" Èsì kan náà ni bàbá máa ń fún un: "Èmi náà ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo bá mọ̀, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá kò dìde. Nígbà tí Kílófàá wọlé tọ̀ ọ́, ó bá a tó kọjú sí ògiri, tí aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

"Ó ti kú," ni bàbá wí.

"Kí ló pa á?"

Bàbá kò dáhùn. Èyí gan-an ló yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu, torí bàbá tó máa ń fèsì kí ìbéèrè tó dé ìdajì ni. Lọ́jọ́ kejì kò dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò dìde lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Àga ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì ṣófo. Ẹ̀rù ba Kílófàá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ti rí àgbàlagbà tó kọjú sí ògiri rí, kò sì tíì rí èyí tó kọjú padà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹni tó ń gbé lókèèrè tó sì ń fi ẹnu tọ́jú bàbá láti ibẹ̀, ní lórí fóònù pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra òmíràn fún wọn. Wọn ò kúkú ríran, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀?" Kílófàá pa fóònù mọ́ ọn létí. Ká ní èèyàn lè gbá ẹnu lórí fóònù ni!

Ó kọ́kọ́ gbé aago náà lọ bá ẹni tó ń ta aago lẹ́bàá ọ̀nà. Ìyẹn ní owó péréte lòun máa gbà, òun á kó gbogbo ìfun rẹ̀ dànù, òun á fi ẹ̀rọ oníbátìrì rọ́pò rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣì rí bó ṣe wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kílófàá ti fẹ́ gbà, ló bá mú ọ̀kan nínú àwọn oníbátìrì tó wà lórí àtẹ, ó gbé e sétí. Tà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Tà. Bí ẹni tó ń ronú kó tó gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Ti bàbá kì í rìn báyìí, eré ló máa ń sá. Ó gba aago rẹ̀ padà, ó ní, "Bàbá mi á mọ̀."

Ìgbà náà ni wọ́n júwe atúnaagoṣe kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́ fún un. Òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta oògùn ni ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yìí wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, ó sì ga débi pé ẹni tó bá gùn ún tán á kọ́kọ́ jókòó ná. Tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́ ga dé àyà rẹ̀, ó sì so aṣọ funfun kan mọ́ etí tábìlì náà bọ́ sórí itan, kí ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ má baà dé ilẹ̀, torí èyí tó bá ti dé ilẹ̀, ó di ti ilẹ̀ nìyẹn. Aago kún ara ògiri, kò sì sí méjì tó sọ ohun kan náà.

"Èwo ló tọ̀nà nínú wọn?" Kílófàá bèèrè, kó tó kí ẹnikẹ́ni.

"Kò sí. Aláìsàn ni gbogbo wọn," ni ọ̀gá fèsì. Ó na ọwọ́ gba aago bàbá, ó gbé e sétí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pè é lórúkọ: "Ẹ dákẹ́, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Kílófàá àti Ẹ-Dákẹ́ nínú yàrá kan náà! Ẹni tó bá mọ àwọn méjèèjì ì bá ti sanwó kó lè wá wòran.

Ọ̀gá fi awò kékeré kan sójú, ó ṣí ẹ̀yìn aago, ó wò ó títí. Ó wá dárúkọ owó. Kílófàá dìde lórí àga, ó tún jókòó. Owó yẹn tó ra aago tuntun tí yóò kún ọwọ́ méjèèjì dé ìgúnpá! Kò sì jìnnà sí gbogbo ohun tó ti fi pamọ́ fún máṣíìnì tuntun, nítorí máṣíìnì rẹ̀ ti darúgbó, ó ń fo ojú rírán, ó ń já òwú, ó sì ń dójú tì í lójú oníbàárà.

"Kí ló fà á?"

"Iye tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, Ìyá Aránṣọ."

"Mo ti gbọ́ iye tó jẹ́. Kí ló fà á ni mò ń bèèrè."

"Ẹ lè gbé e lọ síbòmíràn."

"Ẹ wò ó, ọ̀gá, oníṣẹ́ ọwọ́ lèmi náà. Bí oníbàárà mi bá bi mí pé kí ló dé tí owó bùláòsì fi wọ́n, mo máa ń jókòó tì í ni, màá ṣàlàyé."

Irọ́ ni o. Ohun tó máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n lọ rán an fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ó jókòó bí ẹni tí kò ní dìde mọ́, nígbà tí ọ̀gá sì rí i pé sùúrù òun ló máa kọ́kọ́ tán, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé awò náà lé e lọ́wọ́.

Kílófàá fi awò sójú, ó tẹ̀ síwájú. Ariwo ta lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi gbé etí lé nǹkan yìí, kò mọ̀ pé odindi ìlú ló wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, eyín wọn wọnú ara wọn. Òkúta pupa kéékèèké tó ń dán. Síkúrù tí orí rẹ̀ kò tó ojú abẹ́rẹ́. "Òkúta ńkọ́? Kí ni òkúta ń ṣe níbẹ̀?"

"Inú ihò tó wà lára wọn ni ẹsẹ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Ihò inú irin lásán á tètè fẹ̀."

"Wáyà tó ká bí ìgbín yìí ńkọ́?"

"Òun ló ń mí," ni ọ̀gá wí. "Ó yẹ kó máa ṣí, kó máa pa dé. Ẹ wò ó dáadáa, ó ti lẹ̀ pọ̀. Ẹnì kan da òróró sí i. Kì í sì í ṣe òróró aago." Ó gbé e súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá gbójú sókè wò ó. "Òróró máṣíìnì ìránṣọ ni."

"Èmi kọ́!" Kílófàá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé awò mì.

"Mi ò sọ pé ẹ̀yin ni." Ọ̀gá fi orí ẹ̀mú rẹ̀ tọ́ka sí etí ìdérí, níbi tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ti ha á yánnayànna. Ó ní ẹni tó ṣí i kò ní irinṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti fọwọ́ tẹ kẹ̀kẹ́ tó gbé wáyà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ẹsẹ̀ yẹn kò nípọn tó irun orí. Àwọn tó ṣe aago náà kò ṣe irú rẹ̀ mọ́, kò sí lọ́jà, òun fúnra òun lòun máa fi irin gbẹ́ ẹ. Bó bá ṣẹ́, òun á gbẹ́ òmíràn, oníbàárà kò ní san owó èyí tó ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á tú gbogbo ìyókù, òun á fọ òróró yẹn kúrò lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òun á sì tò wọ́n padà. "Ẹ ti mọ ohun tó fà á báyìí."

Kílófàá ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ìbéèrè mìíràn ti gba orí rẹ̀. Nínú ilé rẹ̀, ta ló fi òróró rẹ̀ pa aago? Ó fi aago náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ní òun ń bọ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ ní gbogbo ọ̀nà.

Nígbà tó délé, ó yọ dúrọ́ọ̀ máṣíìnì rẹ̀. Irin kékeré tó fi ń tú ojú rírán wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀, ó sì ti fi ọmọ oníbàárà kan sùn fún ìyá rẹ̀, pé òun ló fi ṣeré. Ọmọ ọlọ́mọ! Ó gbọn ìgò òróró, ó ti lọ sí ìdajì. Àwọn méjì péré ló wà nínú ilé, ọ̀kan nínú wọn sì ti ní òun kọ́.

Inú bí i. Ó bí i gan-an. Ó wọ yàrá lọ bá bàbá pẹ̀lú irin náà lọ́wọ́.

"Bàbá, kí ló fà á?"

Bàbá kò yí padà. "Mo gbọ́ tó ń tiro. Á sáré, á dúró, á tún sáré. Máṣíìnì tó bá ń dún báyẹn, òróró ló ń fẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ tó ń ṣa owó máṣíìnì jọ. Mò ń gbọ́ bó o ṣe ń bá àwọn oníbàárà fa owó lójoojúmọ́. Mi ò fẹ́ dá kún un." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Irọ́ ni mò ń pa. Kì í ṣe torí owó nìkan."

"Kí ló tún kù?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀." Ó yí ojú rẹ̀ díẹ̀ kúrò lára ògiri. "Láti ìgbà tó o ti ń bi mí ló ti ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí mo ṣì ń ríran, ìyá rẹ ò jẹ́ kí n ṣí i, ó ní ọwọ́ tó ń gé aṣọ ò mọ ti aago. Mo wá ní, èmi náà tí mo kù yìí, ìgbà wo ni màá mọ̀ ọ́n? Mo ṣí i. Mo da òróró sí i. Ó yẹ kí n dé e padà níbẹ̀. Mo fi ìka kàn án. Nǹkan kan ń mí níbẹ̀, Kílófàá. Ó kéré, ó ń sáré, bí àyà òròmọdìẹ. Mo ní kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i kí n lè mọ bó ṣe rí. Ló bá dúró. Ohun tí ìyá rẹ fún mi, ọwọ́ mi ni mo fi pa á."

Bàbá sunkún. Kílófàá ò rí i kó sunkún rí, àyàfi lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá. Ìbínú tó gbé wọlé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí pàṣán ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹni ìjọ́sí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, kò sì mọ bó ṣe máa dá a dúró. Ẹni bí ni là ń jọ! Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń bèèrè ibi tí ọmọ yìí ti rí irú ìwà yìí, àṣé ẹni tó ni ìwà jókòó tì wọ́n, ó ń rán bọ́tìnnì.

"Má ná owó rẹ lé e lórí," ni bàbá wí. "Ra máṣíìnì rẹ. Mo ti darúgbó."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ta ló ní ó gbà?

Nígbà tó padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́, ó gbé owó lé orí tábìlì gíga náà, ó ní, "Ẹ ṣe é. Àmọ́ mo fẹ́ wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń gbẹ́ ẹsẹ̀ tó kán."

"Ẹ lè dákẹ́?"

"Mo lè gbìyànjú."

Ó sì gbìyànjú. Ọ̀gá de irin tíńtín kan mọ́ ẹ̀rọ kékeré tó ń yí i, ó fi ọ̀bẹ rẹ̀ kàn án, ó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, á gbé awò wò ó, á tún gbẹ́ ẹ. Ìbéèrè kún Kílófàá lẹ́nu débi pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ohun kan dún pín, ó ti ṣẹ́. Ọ̀gá dìde, ó mu omi, ó nu ọwọ́, ó sì de irin mìíràn. Ojú ti Kílófàá fún ariwo tó pa lórí owó. Èkejì kò ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fọ gbogbo rẹ̀ tán tí wọ́n sì tò ó padà, ọ̀gá ká a, kẹ̀kẹ́ náà gbọ̀n, wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń pa dé. Lọ́jọ́ yẹn, Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́ fúnra rẹ̀ ló pè é pé, "Ẹ wá wò ó, kí n tó dé e."

Nígbà tó délé, Kílófàá rọra wọ yàrá bàbá. Ó gbé aago náà sí etí rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́.

Ọwọ́ bàbá gbéra, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pẹ̀lú aago nínú rẹ̀. "Èyí kì í ṣe bátìrì."

"Rárá, sà."

"Èló ló ná ọ? Máṣíìnì rẹ ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ọ."

Bàbá dákẹ́. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí padà pátápátá kúrò lára ògiri, ojú rẹ̀ tó ti fọ́ dojú kọ ọmọ rẹ̀ gan-an. "O rí inú ẹ̀?"

"Mo rí i."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Kílófàá kọ́kọ́ ròyìn Ọ̀gá Ẹ-Dákẹ́ àti àtẹ̀gùn gíga rẹ̀ fún un, ó wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ bàbá, ó fi ìka ya inú aago síbẹ̀. Ó ní kẹ̀kẹ́ kan rèé tó rí bíi bọ́bìnì, àmọ́ tó tẹ́, tó ní eyín yíká. Òun ló ń ti èyí tó kéré jù ú lọ, ìyẹn náà ń ti òmíràn. Òkúta pupa wà níbí, àti níbí, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀, inú wọn ni ẹsẹ̀ àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń yí. Ibí yìí gan-an ni èyí tí ẹ fọwọ́ kàn. Wáyà kan ló gbé sínú, ó ká roboto, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú tí ẹ fi ń ṣẹ́ etí aṣọ sílíkì lọ. Ó ń ṣí, ó ń pa dé. Bàbá bèèrè bóyá ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń yí sí ni tàbí òsì. Ó bèèrè àwọ̀ irin náà. Ó bèèrè ohun tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Ó ti jókòó, ó ti fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ó sì ti jẹ oúnjẹ tó wà níwájú rẹ̀ láì mọ̀ pé òun ń jẹun.

"Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó báyẹn," ni bàbá wí, "tó ń ṣí, tó ń pa dé, tọ̀sán-tòru, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti rà á. Òwú tó nípọn jù ú lọ ń já lórí máṣíìnì. Kí ló fà á tí tiẹ̀ kì í fi í já?"

Kílófàá la ẹnu. Ó ní, "Mi ò mọ̀, sà. Mi ò rántí bèèrè."

Bàbá pòṣé. Ó so aago mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wá bàtà.

"Àtẹ̀gùn ọkùnrin yẹn," ó bèèrè, "ṣé ó ní ibi tí èèyàn lè dì mú?"